Ìdájọ́ Kóòtù Ẹ̀yà Lẹ́nu Ọ̀nà Kóòtù Ìpínlẹ̀ ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Nígbà tí àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà péjọ sí ìlú Philadelphia ní ọdún 1787 láti kọ Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wọn, ọ̀kan nínú ohun tí ó ń kọ wọ́n lóminú ni bí ìdájọ́ ìpínlẹ̀ kan yóò ṣe lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kejì. Bí ajigbèsè kan bá jẹ̀bi ní kóòtù Virginia, tí ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí New York, ṣé ẹni tí ó jẹ ní gbèsè yóò tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni? Wọ́n dáhùn ìbéèrè yìí ní orí kẹrin ìwé òfin náà. Wọ́n ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ìgbàgbọ́ kíkún gba ìwé àkọsílẹ̀ àti ìdájọ́ kóòtù àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Ní ọdún 1790 Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe òfin tí ó mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ, ní ọdún 1804 wọ́n sì nà án dé ọ̀dọ̀ àwọn tẹ́rítọ́rì, èyíinì ni àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì di ìpínlẹ̀.

Àwọn tí ó kọ ìwé náà kò gbàgbé àwọn onílẹ̀, àwọn tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ kí aláwọ̀ funfun tó dé, tí àwọn atukọ̀ ojú òkun sì fi àṣìmọ̀ pè ní Índíà. Ní orí kìn-ín-ní, níbi tí wọ́n gbé fún Ilé Ìgbìmọ̀ ní àṣẹ lórí òwò, wọ́n ka àwọn ẹ̀yà Índíà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè àti àwọn ìpínlẹ̀. Wọ́n rántí wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ọjà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ìdájọ́, wọn kò dárúkọ wọn rárá. Bóyá kò sí ẹni tí ó rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí adájọ́ Índíà yóò jókòó, tí akọ̀wé rẹ̀ yóò kọ ìdájọ́ sílẹ̀, tí a ó sì gbé ìwé náà lọ sí iwájú adájọ́ aláwọ̀ funfun pé kí ó mú un ṣẹ. Àríyànjiyàn tí ó ti ju 150 ọdún lọ ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn bí.

Ẹni tí ó bá mọ kóòtù ìbílẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dáadáa lè ṣìnà níhìn-ín. Òfin ìjọba ni ó dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin mìíràn sì lè tú u ká. Kóòtù ẹ̀yà ní Amẹ́ríkà kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tí ó yí i ká. Àwọn ẹ̀yà tí Ìjọba Àpapọ̀ mọ̀ ní ẹ̀yà lé ní 570, púpọ̀ nínú wọn sì ní ilẹ̀ àyàsọ́tọ̀ tiwọn, ìgbìmọ̀ tiwọn àti kóòtù tiwọn. Ní ọdún 1978, nínú ẹjọ́ tí ó kan ọmọ ẹ̀yà Navajo kan, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ gbangba pé àṣẹ tí ẹ̀yà fi ń jẹ ọmọ rẹ̀ níyà kì í ṣe ohun tí Ìjọba Àpapọ̀ fi ta á lọ́rẹ. Àṣẹ àtètèkọ́ṣe ni, ó ti wà kí ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ní ìjọba. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ lè dín àṣẹ náà kù, ó sì ti dín in kù lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á. Ohun tí ìpínlẹ̀ lè ṣe ni kí ó dijú, kí ó ṣe bí ẹni pé kò sí ìdájọ́ kankan.

Georgia ni ó kọ́kọ́ fi èyí hàn, kò sì fi dídijú nìkan mọ. Àwọn Cherokee tí ó wà nínú ààlà tí Georgia ń pè ní tirẹ̀ ti dá ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ sílẹ̀ fún ara wọn ní ọdún 1822. Sequoyah ti ṣe àwọn àmì tí wọ́n fi ń kọ èdè wọn sílẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti ń fi kàwé. Ní ọdún 1827 wọ́n kọ ìwé òfin ìpìlẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn jáde ní èdè tiwọn àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá fi ojú àwọn aláwọ̀ funfun ìgbà náà wò ó, kò sí ohun tí ìlú ọlàjú ní tí àwọn wọ̀nyí kò ní. Georgia ṣe òfin pé láti oṣù kẹfà ọdún 1830 gbogbo òfin Cherokee ti di asán, Índíà kankan kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí ta ko aláwọ̀ funfun ní kóòtù.

Ní ọdún náà gan-an ni àwọn aláṣẹ Georgia mú ọkùnrin Cherokee kan, Corn Tassel, tí wọ́n ní ó pa Cherokee ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ Cherokee. Ẹni tí ó pa ènìyàn, ẹni tí a pa, àti ilẹ̀ tí ó ti ṣẹlẹ̀, ti Cherokee ni gbogbo rẹ̀. Kóòtù Georgia dá ẹjọ́ ikú fún un. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dé Washington, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fi ìwé ránṣẹ́ sí Georgia pé kí wọ́n wá wí tẹnu wọn. Georgia kò dáhùn. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, wọ́n so Corn Tassel rọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nínú ẹjọ́ míṣọ́nnárì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Samuel Worcester, Olórí Adájọ́ John Marshall dá a pé òfin Georgia kò ní ipá lórí ilẹ̀ Cherokee. Ìdájọ́ ńlá ni, títí di òní ni àwọn agbẹjọ́rò sì ń tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n kò jí òkú dìde, kò sì dá àwọn ọmọ-ogun dúró. Ní ọdún 1838 wọ́n fi ìbọn lé àwọn Cherokee kúrò ní ilé bàbá wọn lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, nǹkan bí 4,000 nínú wọn sì kú nínú ìrìn-àjò náà.

Àwọn tí ó yè dé ibi tí a ń pè ní Oklahoma lónìí. Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni pé bí wọ́n ti dé, kóòtù ni wọ́n tún kọ́. Wọ́n ṣe ìwé òfin ìpìlẹ̀ tuntun ní Tahlequah ní ọdún 1839, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bíríkì kọ́ ilé fún ilé-ẹjọ́ gíga wọn. Láti inú kóòtù wọ̀nyí ni ìwé kan ti jáde tí ó dé Washington ní ọdún 1855. Ẹjọ́ ogún ni. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ni bóyá ìwé àṣẹ tí kóòtù Cherokee fún àwọn olùtọ́jú ogún Cherokee kan tí ó kú lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Washington, níbi tí owó òkú náà wà. Òfin ọdún 1812 ti sọ pé olùtọ́jú ogún tí ó bá gba ìwé ní ìpínlẹ̀ tàbí ní tẹ́rítọ́rì èyíkéyìí lè fi í ṣiṣẹ́ ní Washington. Ǹjẹ́ ilẹ̀ Cherokee jẹ́ tẹ́rítọ́rì bí?

Adájọ́ John McLean, ẹni tí ó wà lára àwọn tí ó dá ẹjọ́ Worcester, ni ó kọ ìdájọ́ náà. Ó ní Cherokee kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè. Lábẹ́ Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n wà, wọ́n sì ń fi òfin tiwọn ṣe àkóso ara wọn gẹ́gẹ́ bí àwọn tẹ́rítọ́rì ti ń ṣe. Kò rí ìdí tí a ó fi ka òfin àti ìwé wọn sí ohun tí ó kéré ju ti àwọn tẹ́rítọ́rì yòókù lọ. Ilé-Ẹjọ́ kan náà yìí ni ó sọ ní ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, nínú ẹjọ́ Dred Scott, pé ọmọ adúláwọ̀ kò lè jẹ́ ọmọ-ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà láéláé. McLean kò fara mọ́ ìyẹn. Ó hàn pé orí rere ni ó ṣe é fún àwọn olùtọ́jú ogún Cherokee tí ìwé wọn bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀.

Fún nǹkan bí 40 ọdún, ìdájọ́ McLean ni àwọn kóòtù àpapọ̀ tí ó wà ní ẹ̀bá ibẹ̀ ń tẹ̀ lé. Ní ọdún 1894 wọ́n sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé bákan náà ni ìdájọ́ kóòtù Choctaw, Creek àti Cherokee rí pẹ̀lú ìdájọ́ tẹ́rítọ́rì, àti pé kóòtù mìíràn kò gbọ́dọ̀ tú u wò. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1898, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ pa àwọn kóòtù náà rẹ́. Ilẹ̀ wọn ni ìjọba ń fẹ́ pín, kóòtù tí ó lè dá ẹjọ́ ilẹ̀ sì jẹ́ ìdènà. Bí ọ̀rọ̀ ti máa ń rí nìyẹn nínú ìtàn yìí: ìgbà tí òfin fi bọ̀wọ̀ fún ìdájọ́ ẹ̀yà tán ni a gbé ẹnu adájọ́ ẹ̀yà tì.

Àwọn ẹ̀yà tí kò kọ òfin wọn sínú ìwé kò rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà rárá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1881, lórí ilẹ̀ àyàsọ́tọ̀ Rosebud ní Dakota, Crow Dog yìnbọn pa Spotted Tail, tí í ṣe olórí láàárín àwọn Lakota. Ẹ̀jẹ̀ olórí kì í ṣe ohun kékeré. Ó lè pín ìlú sí méjì, kí ìdílé kan máa gbẹ̀san lára ìdílé kejì láti ìran dé ìran. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà jókòó, wọ́n rán oníṣẹ́ sí ìdílé méjèèjì, wọ́n sì parí rẹ̀: kí àwọn ará Crow Dog san 600 dọ́là, ẹṣin mẹ́jọ àti kúbùsù kan fún àwọn ará Spotted Tail. Wọ́n san án, wọ́n gbà á, ìjà sì parí. Ní ojú àwọn Lakota, ẹjọ́ ti tán.

Àwọn aláṣẹ aláwọ̀ funfun kò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé Crow Dog lọ sí kóòtù tẹ́rítọ́rì Dakota ní Deadwood, níbi tí wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ pé kí a so ó rọ̀. Kóòtù náà kò béèrè bóyá ìdájọ́ ti wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà ṣe kò jọ ìdájọ́ ní ojú rẹ̀. Ní ọdún 1883 Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tú Crow Dog sílẹ̀. Wọ́n ní kò sí òfin tí ó fún kóòtù yẹn ní àṣẹ lórí ìpànìyàn tí Índíà ṣe sí Índíà lórí ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ìdájọ́ náà dáadáa, ojú àánú ni ó fi wo òfin Lakota, kì í ṣe ojú ọ̀wọ̀: ó ń ṣàánú àwọn tí a fẹ́ fi òṣùwọ̀n àjèjì wọ̀n. Àwọn ìwé ìròyìn pariwo, àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà pariwo pé ẹni tí ó pa ènìyàn fi ẹṣin ra ẹ̀mí ara rẹ̀. Ní ọdún 1885 òfin jáde tí ó gba ìpànìyàn àti àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá mìíràn kúrò lọ́wọ́ ẹ̀yà, tí ó sì kó wọn fún kóòtù àpapọ̀. Òfin náà ṣì wà títí di òní. Ní ti Crow Dog, ó padà sí ilé, ó sì dàgbà kí ó tó kú.

Láàárín ìgbà yẹn ìjọba dá irú kóòtù mìíràn sílẹ̀ lórí ilẹ̀ àyàsọ́tọ̀, láti ọdún 1883. Ajẹ́lẹ̀ ni ó ń yan adájọ́ rẹ̀. Ara ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ ni ijó ìbílẹ̀, fífẹ́ ju aya kan lọ, àti iṣẹ́ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Nígbà tí òfin ọdún 1934 fún àwọn ẹ̀yà láàyè láti kọ ìwé òfin ìpìlẹ̀ tiwọn, púpọ̀ nínú wọn ni ó tún kóòtù wọn gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n ìrántí kóòtù ajẹ́lẹ̀ kò tètè parẹ́; àwọn adájọ́ ìpínlẹ̀ ṣì ń rò pé irú rẹ̀ náà ni gbogbo kóòtù ẹ̀yà. Ní ọdún 1953, òfin mìíràn tún yọ: wọ́n fún àwọn ìpínlẹ̀ kan, bí California, Minnesota àti Wisconsin, ní àṣẹ láti máa dá ẹjọ́ àwọn Índíà lórí ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ àyàsọ́tọ̀ tí ó wà nínú wọn. Ewu náà kò jìnnà sí àwọn Navajo ní Arizona. Wọ́n kò dúró kí ó dé ilé wọn. Wọ́n tún kóòtù wọn tò ní ọdún 1959, wọ́n sì fún un ní ipò ẹ̀ka ìjọba tí ó dá dúró.

Ọdún 1959 yẹn kan náà ni oníṣòwò kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù lórí ilẹ̀ Navajo fìdí rẹmi ní Washington. Ó ta ọjà àwìn fún tọkọtaya Navajo kan, wọn kò san án, ó sì pè wọ́n lẹ́jọ́ ní kóòtù Arizona. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kóòtù Arizona kò ní ohun tí yóò fi dá ẹjọ́ náà. Kóòtù Navajo ni kí ó lọ. Ó jọ ohun kékeré, gbèsè ṣọ́ọ̀bù lásán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àwọn olówó àti àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń gba ìdájọ́ ní kóòtù ẹ̀yà, bí ìdájọ́ bá sì ti wà, ẹnìkan yóò gbé e kọjá ààlà.

Bí ẹni tí ó jẹ̀bi bá ń gbé ní ilẹ̀ àyàsọ́tọ̀, tí ohun ìní rẹ̀ sì wà níbẹ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà ní ìlú àwọn aláwọ̀ funfun, báńkì wà níbẹ̀, ilé tí a ń yá gbé wà níbẹ̀. Baba tí kóòtù ẹ̀yà ní kí ó máa bọ́ ọmọ rẹ̀ lè máa gba owó oṣù ní ibi tí kò ju máìlì mẹ́wàá lọ, kí ọwọ́ adájọ́ má sì tó o. Nígbà tí irú ẹjọ́ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí dé iwájú àwọn kóòtù ìpínlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tí McLean ti lò ni gbogbo wọn padà sí. Òfin tí ó wà lónìí, tí a tún tò ní ọdún 1948, sọ pé kí a fi ìgbàgbọ́ kíkún gba ìdájọ́ ìpínlẹ̀, tẹ́rítọ́rì àti ohun ìní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yà kì í ṣe ìpínlẹ̀. Ṣé tẹ́rítọ́rì ni?

Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ New Mexico dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni ní ọdún 1975. Ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan ti gba ọkọ̀ akẹ́rù padà lọ́wọ́ Navajo kan lórí ilẹ̀ Navajo láìgba àṣẹ rẹ̀ sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ òfin Navajo béèrè fún un. Òfin ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, kì í ṣe ìdájọ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ hàn. Washington dáhùn bákan náà ní ọdún 1976 nínú ẹjọ́ ìtọ́jú ọmọ, Idaho sì dáhùn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1982 nínú ẹjọ́ ìgbàtọ́ ọmọ. Arizona kọ̀: ní ọdún 1977 kóòtù kan níbẹ̀ sọ pé ilẹ̀ Navajo kì í ṣe tẹ́rítọ́rì ní ti òfin yìí. Nígbà tí ó di ọdún 1991, tí kóòtù Navajo ń gbọ́ ẹjọ́ Peter MacDonald, tí ó ti jẹ́ alága àwọn Navajo rí, tí ó sì nílò ẹlẹ́rìí tí ó ń gbé ní Arizona, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Arizona ní ilẹ̀ Navajo jẹ́ tẹ́rítọ́rì ní ti òfin tí a fi ń fipá mú ẹlẹ́rìí wá. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìpínlẹ̀ kan náà, ẹ̀yà kan náà. Òfin méjì ni ó mú un ní ìtumọ̀ méjì.

Àwọn kóòtù tí ó kọ ìgbàgbọ́ kíkún kò sọ pé àwọn kò ní gba ìdájọ́ ẹ̀yà rárá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni ọ̀nà tí a ń gbà bá ìdájọ́ ilẹ̀ òkèèrè lò, èyí tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ là sílẹ̀ ní ọdún 1895 nítorí ìdájọ́ kan tí ó ti ilẹ̀ Faransé wá: ìbọ̀wọ̀fúnra-ẹni láàárín kóòtù àti kóòtù. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kò kéré. Ẹni tí ó mú ìdájọ́ ìpínlẹ̀ wá ń mú ohun tí a gbọ́dọ̀ gbà wá. Ẹni tí ó mú ìdájọ́ ẹ̀yà wá ń tọrọ. A ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kóòtù náà ní àṣẹ, bóyá a fún ẹni kejì ní ìwé ìpè, bóyá adájọ́ kò ṣe ojúsàájú, bóyá ìdájọ́ náà kò lòdì sí ìlànà ìpínlẹ̀. South Dakota tilẹ̀ sọ ọ́ di òfin ní ọdún 1986 pé ẹni tí ó mú ìdájọ́ ẹ̀yà wá ni yóò fi ẹ̀rí tí ó dájú ṣáká fi ìdí gbogbo ìwọ̀nyí múlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ náà wà lára àwọn tí Índíà pọ̀ sí jù lọ. A kì í bi ìdájọ́ Nebraska ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn tí ó fara mọ́ ìlànà yìí ní ìdí. Wọ́n ní àwọn kóòtù ẹ̀yà kò rí bákan náà, àti pé Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ kò de ẹ̀yà bí ó ti de ìpínlẹ̀. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ọdún 1968 ti pàṣẹ fún àwọn ẹ̀yà pé wọn kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀mí, òmìnira tàbí ohun ìní ẹnikẹ́ni láìgbọ́ tẹnu rẹ̀ lọ́nà tí ó tọ́. Ní ọdún 1978, nínú ẹjọ́ Santa Clara Pueblo, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tún ránṣẹ́ sí ìdájọ́ McLean nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé, pé a ti ka ìdájọ́ ẹ̀yà sí ohun tí ó yẹ fún ìgbàgbọ́ kíkún nígbà mìíràn. Àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé náà ni gbogbo ohun tí ilé-ẹjọ́ náà sọ nígbà yẹn lórí ọ̀ràn ńlá yìí.

Ní ọdún 1997 kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àpapọ̀ ti apá ìwọ̀-oòrùn sé ilẹ̀kùn náà ní agbègbè tirẹ̀. Obìnrin Blackfeet kan ní Montana ti gba ìdájọ́ ní kóòtù ẹ̀yà rẹ̀ lórí ọkọ̀ tí ó kọlù ú ní ojú títì ńlá tí ó la ilẹ̀ wọn kọjá. Ẹni tí ó wa ọkọ̀ kejì kì í ṣe ọmọ ẹ̀yà. Kóòtù náà ní ìbọ̀wọ̀fúnra-ẹni ni ó yẹ ẹjọ́ yìí, kì í ṣe ìgbàgbọ́ kíkún, àti pé ẹ̀yà náà kò ní àṣẹ lórí irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n dá ni pé Ilé Ìgbìmọ̀ ti ṣe òfin pàtàkì tí ó dárúkọ ẹ̀yà nínú ẹjọ́ ọmọ. Bí òfin àtijọ́ bá ti kàn wọ́n tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n tún ṣe tuntun fún? Bẹ́ẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ tí a ṣe fún ẹ̀yà níbì kan ṣe di ẹ̀rí tí a fi lé wọn jáde níbòmíràn. Ó ṣòro láti rí ọgbọ́n nínú ìrònú yìí ju ọgbọ́n agbẹjọ́rò lọ.

Òfin pàtàkì tí wọ́n ń tọ́ka sí ni èyí tí a ṣe lórí ọmọ Índíà ní ọdún 1978. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí fún Ilé Ìgbìmọ̀ rí i pé láàárín 25 sí 35 nínú 100 ọmọ Índíà ni a ti gbà kúrò lọ́wọ́ òbí wọn, tí a sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn fún aláwọ̀ funfun tọ́. Kóòtù ìpínlẹ̀ ni ó ń fọwọ́ sí i. Òfin náà pàṣẹ pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ fi ìgbàgbọ́ kíkún gba ìdájọ́ ẹ̀yà lórí ọmọ, ó sì fi ẹjọ́ ọmọ tí ilé rẹ̀ wà ní ilẹ̀ àyàsọ́tọ̀ sí ọwọ́ kóòtù ẹ̀yà nìkan.

Ìbejì Choctaw kan ní Mississippi ni ó dán òfin náà wò. Àwọn òbí wọn, tí wọn kò tíì gbéyàwó, ń gbé lórí ilẹ̀ Choctaw. Ìyá wọn lọ bí wọn ní nǹkan bí 200 máìlì sí ibẹ̀ ní òpin ọdún 1985, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún tọkọtaya tí kì í ṣe Índíà. Kí oṣù méjì tó pé, kóòtù ìpínlẹ̀ ti fọwọ́ sí ìgbàtọ́ wọn. Ẹ̀yà náà ní àwọn kò gbà. Mississippi dáhùn pé àwọn ọmọ náà kò tẹ ilẹ̀ Choctaw rí. Ní ọdún 1989 Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ibi tí ilé ìyá wà ni ilé ọmọ wà, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà padà sí ọ̀dọ̀ kóòtù Choctaw. Àwọn ọmọ náà ti lé ní ọdún mẹ́ta, wọn kò mọ ìyá mìíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn retí pé àwọn Choctaw yóò já wọn gbà. Adájọ́ ẹ̀yà gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó sì fi àwọn ìbejì sílẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin tí ó ti ń tọ́ wọn. Àwọn tí ó ń bẹ̀rù ojúsàájú kóòtù ẹ̀yà kì í sábà mẹ́nu ba ìparí ẹjọ́ yìí. Ní ọdún 2023, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ kan fẹ́ kí a fagi lé òfin ọdún 1978, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kọ̀, òfin náà sì dúró.

Ní ọdún 1994, Ilé Ìgbìmọ̀ tún fi ìgbàgbọ́ kíkún sí orí ohun méjì mìíràn: ìdájọ́ owó ìtọ́jú ọmọ, àti àṣẹ tí kóòtù fi ń dáàbò bo obìnrin tàbí ọkùnrin tí ẹnìkejì rẹ̀ ń lù. Èyí kejì ṣe pàtàkì gidigidi, nítorí obìnrin tí ó sá gba ìlú kọjá kò ní àyè láti tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ níwájú adájọ́ tuntun kí ọlọ́pàá tó gbèjà rẹ̀.

Nínú gbogbo ẹjọ́ yòókù, ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó kù sí. Oklahoma, níbi tí a ti pa kóòtù ẹ̀yà rẹ́ ní ọdún 1898, ṣe ìlànà ní ọdún 1994 pé kóòtù rẹ̀ yóò gba ìdájọ́ ẹ̀yà tí ó bá ń gba ìdájọ́ Oklahoma; a sì ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Wisconsin ní òfin tí ó fi ìgbàgbọ́ kíkún fún àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin náà kò ran àwọn Chippewa ti Bad River lọ́wọ́ ní kíákíá. Ẹni tí ó ti jẹ́ máníjà ilé tẹ́tẹ́ wọn pè wọ́n lẹ́jọ́ ní kóòtù ìpínlẹ̀ ní ọdún 1995 lórí ìwé àdéhùn iṣẹ́. Ẹ̀yà náà lọ sí kóòtù tiwọn, èyí tí ó dájọ́ pé àdéhùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nítorí ìgbìmọ̀ ẹ̀yà kò fọwọ́ sí i. Adájọ́ ìpínlẹ̀ ń bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé òun kò gbọ́, ó sì fún máníjà náà ní ìdájọ́. Ìdájọ́ méjì tí ó dojú kọ ara wọn wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ní ọdún 2000 Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Wisconsin sọ ohun tí àgbàlagbà yóò sọ: kí ni ó dé tí àwọn adájọ́ méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀? Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọn kò fohùn ṣọ̀kan, ọ̀ràn náà sì padà dé òkè; ní ọdún 2003 ilé-ẹjọ́ náà dá a pé ìdájọ́ ẹ̀yà ni kí ó dúró. Láti inú ìjà yìí ni àwọn adájọ́ ẹ̀yà àti ti ìpínlẹ̀ ní apá àríwá Wisconsin ti jókòó papọ̀ kọ ìlànà bí wọn yóò ṣe máa pe ara wọn nígbà tí ẹjọ́ kan bá wà níwájú àwọn méjèèjì.

Ní Minnesota, ìpínlẹ̀ tí ó múlé gbe Wisconsin, àwọn Ojibwe ti Leech Lake àti àwọn ará Cass County ti pẹ́ nínú àìgbọ́ra-ẹni-yé. Ìṣòro kan náà ni ó ń dààmú àwọn méjèèjì: ọtí, àti àwọn tí ó ń mu ún kí wọ́n tó wakọ̀. Ní ọdún 2006 adájọ́ ẹ̀yà àti adájọ́ ìpínlẹ̀ pinnu láti máa gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀, Índíà ni o, aláwọ̀ funfun ni o. Wọ́n jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n ń bi ẹlẹ́jọ́ kan náà ní ìbéèrè, wọ́n sì ń pinnu papọ̀ ohun tí wọn yóò ṣe fún un.